Sí Múnírá, Nítorí Ọmọ Tó Ń Sọ Pé Òun Ti Yó

Bulumkutu,
Maiduguri.

Àṣàkẹ́ mi, Múnírátù ọmọ mi,

Mo kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Inú wa dùn gidigidi pé ọsibítù ńlá gbà ọ́ sí ẹ̀ka oògùn. Bàbá rẹ ti sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó wá ra pílọ́ọ̀gì mọ́tò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, títí kan ọkùnrin tó wá dá pílọ́ọ̀gì tí kò ṣiṣẹ́ padà. Ara wa le. Omi ń yọ déédéé. Ìkíni parí síbẹ̀. Ìyókù lẹ́tà yìí, ìbínú ni. Bí aláìsàn bá dúró síwájú rẹ, kọ́kọ́ fún un ní oògùn rẹ̀ kí o tó kà á lọ.

O lè bi mí pé kí ló dé tí mò ń kọ lẹ́tà sí ẹni tí a jọ wà nínú ìlú kan ṣoṣo. Láti ọ̀dọ̀ wa dé kọ́tàsì yín ní yunifásítì, èèyàn kàn ń gun ọ̀kadà kan ni. Mo gùn ún wá lọ́jọ́ Àìkú. Mo gbé ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu wá, n kò sì tíì sọ ọ́ dé ìdajì tí o fi wò mí. O mọ irú wíwò tí mò ń sọ. O kò yí orí. O kò mi ètè. Ìpéǹpéjú rẹ kan sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ wà ní pálọ̀, kí n panu mọ́. Mo sì panu mọ́! Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ pólì bí a ti ń se oúnjẹ àti bí a ti ń tẹ́ tábìlì, tí mo máa ń pariwo títí ìdérí ìkòkò yóò fi mì, mo mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò mi tán, mo kí àlejò, mo bá tèmi lọ.

Nígbà tí mo délé tí mo rò ó fún bàbá rẹ, ẹ̀rín pa á débi pé ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ìyá Múnírá, ojú yẹn, ṣé ìwọ kọ́ lo kọ́ ọ? O tajà, ọjà wá rìn padà wá bá ọ nílé."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́."

"Fi ojú wò mí ná. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó ti tó àkókò kí n dákẹ́?"

Òun nìyẹn. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Tìrẹ ti di ibi tí ọ̀rọ̀ ń kú sí. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Wo ìwé yìí bí ó bá ti wù ọ́, kò ní dákẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lọ́jọ́ náà kò gùn: ẹ kò gbọdọ̀ gbé Nàfísá lọ sí Ìbàdàn.

Ọkọ rẹ ló sọ ọ́ fún mi, ìwọ kò sọ ọ́. Ó sì sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ firíìjì tí wọ́n fẹ́ gbé lọ fún àtúnṣe. "Mọ́mì, bí táàmù yìí bá ti parí, Nàfísá á lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin n'Íbàdàn. Olùkọ́ rẹ̀ ní kì í sọ̀rọ̀, kì í bá ẹgbẹ́ ṣeré, ẹkún ló máa ń sun. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi márààrún ló gbójú. Wọ́n á là á lójú." Ọkọ rẹ ń kọ́ àwọn èèyàn ní ẹ̀kọ́ ohun ọ̀gbìn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bá hú igi tòmátì lọ́sàn-án gangan nínú oòrùn Maiduguri, tó sì gbìn ín sí oko ẹlòmíràn nítorí pé kò tètè so, yóò fún un ní òdo. Àmọ́ ti ọmọ rẹ̀, ó ti wá ọkọ̀ tí yóò gbé e.

Ẹ ti bi olùkọ́. Ẹ ti bi ẹ̀gbọ́n. Ẹ kò bi ọmọ. Èmi ti bi í, ohun tó sì sọ ni mo gbé wá lọ́jọ́ Àìkú tí o fi ìpéǹpéjú tì mí síta.

Rántí òwúrọ̀ Àlàámísì yẹn. Ẹ ti já a sílẹ̀ nílé-ìwé tán kí o tó rí i pé kúlà oúnjẹ rẹ̀ ṣẹ́kù sẹ́yìn ọkọ̀. O ń sáré lọ síbi iṣẹ́ tuntun, o kò fẹ́ pẹ́, o gbé kúlà náà fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé kí n bá ọ gbé e lọ. Mo dé ibẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lu agogo ìsinmi. O mọ igi dóńgóyárò ńlá tó wà nínú ọgbà wọn. Abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn sá sí. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ obìnrin jókòó yíká lórí yanrìn, wọ́n dojú ìdérí kúlà kan délẹ̀, oníkálukú sì ń da ohun tó gbé wá lé e lórí: wáínà tí wọ́n fi ìrẹsì dín, àwàrà sóyà díndín, ìrẹsì, ẹ̀wà. Gbogbo rẹ̀ dàpọ̀. Olùkọ́ ètò oúnjẹ ni mí, mo sì lè sọ fún ọ pé kò sí ìwé kankan tó fọwọ́ sí àdàpọ̀ yẹn. Wọ́n ń jẹ ẹ́ bí ẹni pé àjẹkẹ́yìn ni.

Nàfísá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò gbé nǹkan kan lọ́wọ́, nítorí oúnjẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ọmọbìnrin kékeré kan báyìí, tí eyín iwájú rẹ̀ ti bọ́, gbé orí sókè. Yakaka ni wọ́n ń pè é.

"Nafisa, zo mu ci!" Ó ní kí ó wá kí àwọn jọ jẹ.

Ọmọ rẹ wo ọ̀tún. Ó wo òsì. Ó wo ẹnu géètì, kò rí mi nítorí igi bò mí. Lẹ́yìn náà ni ó mi orí pé òun ti yó. "Na koshi."

Ọmọ tí kò tíì fi nǹkan kan sẹ́nu láti òwúrọ̀!

Ọmọbìnrin mìíràn nínú wọn kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Fi í sílẹ̀, Yakaka. Girman kai ne da ita." Ìgbéraga, Múnírá. Wọ́n ní ọmọ rẹ ń gbéra ga. Wọ́n sì ń bá oúnjẹ wọn lọ, nígbà tí wọ́n jẹun tán wọ́n dìde, wọ́n ń fo okùn, kò sí ẹni tó pè é sí okùn náà. Èèyàn kì í pe ẹni tó kọ oúnjẹ rẹ̀ sí eré rẹ̀. Bí ìlú yìí ṣe rí nìyẹn, mo sì rò pé ọgbọ́n wà nínú rẹ̀.

Mo fà á wá sí kọ̀rọ̀, mo ṣí kúlà, mo jẹ́ kó jẹun dáadáa. Mo wá bi í.

"Ṣé o yó nígbà tí wọ́n pè ọ́?"

"Rárá, Màmá."

"Kí ló dé tí o ní o yó?"

Ó ń fi ìka ya nǹkan sórí yanrìn. "Mọ́mì ní tí ẹnikẹ́ni bá ní kí n wá jẹun, kí n kọ́kọ́ wo ojú àwọn. Tí n ò bá ti rójú wọn, kí n ní mo ti yó."

"Ṣé o máa ń wò ó?"

"Mo máa ń wò ó. Kò sí níbẹ̀."

Ojoojúmọ́ ayé ni ọmọ yìí ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tó ń wá ojú rẹ nínú ọgbà ilé-ìwé, ojú rẹ sì wà ní ọsibítù tó ń ka hóró oògùn. O wá ní kì í bá ẹgbẹ́ ṣeré. Báwo ni yóò ṣe bá wọn ṣe é? Ẹ̀yin òbí rẹ̀ lẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ẹ sì kó kọ́kọ́rọ́ lọ síbi iṣẹ́.

Mo lọ bá olùkọ́ rẹ̀, Màláámà Falmata. Mo fẹ́ bá a jà. Mo ti pèsè ohùn mi sílẹ̀. Mo ní kí ló dé tó ń wo ọmọ lẹ́bàá ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù. Ó dá mi lóhùn pẹ̀lẹ́ pé ìwọ fúnra rẹ lo wá sọ fún òun pé kí òun máa jẹ́ kí Nàfísá jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì òun nínú kíláàsì, kí àwọn ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ má baà máa tọwọ́ bọ oúnjẹ rẹ̀, bó bá sì ti jẹ ẹ́ tán ló máa ń jáde lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Hajiya," ó ní, "a rò pé bí ẹ̀yin Yorùbá ṣe ń jẹun nìyẹn, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí ẹni ń ṣe ìdánwò."

Ìjà tí mo gbé lọ, mo gbé e bọ̀ wálé. Ìwọ ni mo gbé e bọ̀ wá bá.

Kí o má baà sọ pé mò ń ṣe bí ẹni tí kò ṣe irú rẹ̀ rí, jẹ́ kí n rán ọ létí ẹni tí Yagana jẹ́ sí mi. Nígbà tí bàbá rẹ mú mi wá láti Ìwó sí Bulumkutu, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde pólì, mo sì gbà pé kò sí ohun tí a lè sọ fún mi nípa oúnjẹ. Yagana ni ará ilé kejì wa, Kànúrí ni. Lọ́sẹ̀ tí mo dé, ó gbé tùwó àti ọbẹ̀ wá nínú abọ́ onídẹ, ó jókòó, ó ní kí a jọ jẹ ẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ títí, mo sì ní mo ti yó. Ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé nìyẹn. Ní Ìwó, ẹni tó bá gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún ọ mọ̀ pé wàá kọ́kọ́ kọ̀, òun náà yóò tún bẹ̀ ọ́, wàá tún kọ̀ díẹ̀, wàá wá gbà. Eré ni, àwa méjèèjì la mọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Yagana kò mọ eré náà. Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó dìde. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá kí i, ó máa ń dá mi lóhùn bí wọ́n ti ń dá ọlọ́pàá lóhùn.

Èmi náà bínú. Mo ń sọ fún bàbá rẹ pé àwọn ará ibí kò mọ ọ̀wọ̀. Oṣù tí mo bí ọ ni ibà dá mi wólẹ̀, bàbá rẹ lọ ra ọjà ní Kánò, kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé. Yagana gbọ́ ẹkún rẹ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó wọlé láìkan ilẹ̀kùn, ó gbé ọ sí ẹ̀yìn, ó jókòó tì mí pẹ̀lú kúnú gbígbóná, ó sì gbé ṣíbí sí mi lẹ́nu. Ó wò mí, ó ní, "Èyí náà ńkọ́, ṣé o ti yó?" Mo mu gbogbo rẹ̀. Bí kì í bá ṣe abọ́ kúnú yẹn, bóyá ẹlòmíràn ni ìbá máa kọ lẹ́tà yìí sí ọ, bóyá kò tilẹ̀ ní sí ẹni tí a ó kọ ọ́ sí.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí mo fẹ́ fún ọ, gbọ́ ọ. N ó fi nọ́ńbà sí i kí o lè mọ̀ pé mo ti tutù díẹ̀.

Ìkíní. Fi ẹnu sọ̀rọ̀ fún ọmọ. Ojú tí mo kọ́ ọ, n kò sẹ́ ẹ. Wíwò kan wà tó ń jẹ́ "gbà á, kí o kúnlẹ̀", wíwò kan ń jẹ́ "sọ pé o ti yó", ìkẹta sì ń jẹ́ "a ó jọ délé". O mọ gbogbo wọn kí o tó mọ á, bí, dí. Àwọn tó bí wa ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi wà ní ìjókòó pẹ̀lú rẹ nígbà gbogbo tí mo ń wò ọ́. Ọmọ tìrẹ ń lo ìdajì ọjọ́ rẹ̀ níbi tí ojú rẹ kò lè dé. Sọ odindi ọ̀rọ̀ fún un: "Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ bá pè ọ́ kí ẹ jọ jẹun nílé-ìwé, lọ. Da tìrẹ sí i. Fọ ọwọ́ rẹ. Kí wọn pé wọ́n ṣeun." Kò gùn. O lè sọ ọ́ tán kí iná títì tó yípadà.

Ìkejì. Mo mọ ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, nítorí mo gbọ́ nígbà tí o ń sọ ọ́ fún un: "Wọ́n á fún ẹ ní nǹkan jẹ o." Múnírá, oníṣẹ́ oògùn ni ọ́. Ìwọ lo mọ ohun tó ń pa èèyàn àti ìwọ̀n tó fi ń pa á. Ta ni yóò fi oúnjẹ fún un ní àjẹ́? Ṣé Yakaka tí kò ní eyín iwájú? Ọmọ tó bá jẹ́ àjẹ́ kò ní máa yá ìrésà tí wọ́n fi ń pa ìwé rẹ́ lọ́wọ́ ẹni. O ti kó ẹ̀rù àwọn àgbà bọ ọmọ náà lọ́rùn, ó wá ń wo gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀ bí ẹni tó lè pa á. Ìwọ ni kí o bọ́ ẹ̀rù náà kúrò lọ́rùn rẹ̀. Bí àìmọ́tótó ló ń bà ọ́ lẹ́rù, ra ọṣẹ fún gbogbo kíláàsì. Mo mọ̀ pé o lè rà á.

Ìkẹta ni ti ẹkún. Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ̀yin méjèèjì ń sọ. Ìwọ á ní, "Ta ló kú?" Ọkọ rẹ á ní, "Gbé ẹkún yẹn mì." Ó sì ń gbé e mì. Ìwọ tí o kàwé nípa ohun tí à ń gbé mì, sọ fún mi, níbo lo rò pé ó ń lọ? Kíláàsì ló ń lọ. Ibẹ̀ ló ti ń tú jáde lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á tún fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ó bá ń sunkún, jókòó tì í. Bi í pé: ṣé inú ló ń bí ọ ni, àbí ẹ̀rù ló ń bà ọ́, àbí ojú ń tì ọ́, àbí wọ́n já ọ kulẹ̀? Kọ́ ọ ní orúkọ wọn. Ọmọ tí kò mọ orúkọ ohun tó ń ṣe é, ẹkún ni yóò máa pe gbogbo wọn. Bí ó bá wá dárúkọ rẹ̀ fún ọ, má dá a lẹ́jọ́. Má sọ pé "ìyẹn náà ló ń pa ẹ́ lẹ́kún?" Ìyẹn náà ni. Òun ló mọ̀ ọ́n.

Bàbá rẹ wọlé báyìí, ó ní ṣé mo ṣì ń kọ ọ́. Mo fi ojú wò ó. Ó ti jáde.

Ìkẹrin. Ẹ jẹ́ kí ọmọ sọ̀rọ̀ nínú ilé kí ẹ tó máa bèèrè ìdí tí kì í fi í sọ̀rọ̀ níta. Ní ọjọ́ Àìkú yẹn náà, ojú mi ló ṣe. Ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ pe ọmọ.

"Ọmọ dáadáa, kí lorúkọ ẹ?"

"Nàfísá ni," ìwọ lo dáhùn.

"Kíláàsì wo lo wà?"

"Ó ti wà ní puráímárì tuu," ọkọ rẹ ló dáhùn.

"Kí lo fẹ́ràn jù níbẹ̀?"

"Ìṣirò ni," ọkọ rẹ ní. "Gẹ̀ẹ́sì ni o," ìwọ ní. Ẹ wá ń bá ara yín jiyàn.

Ọmọ ń wò yín bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Níkẹyìn, ìwọ rẹ́rìn-ín, o ní, "Ẹ má dá a lóhùn, kì í sọ̀rọ̀." Nígbà wo ló fẹ́ kàn án? Èmi tí mo fẹ́ sọ pé ìyàwòrán ló fẹ́ràn jù, o ti fi ojú pa mí lẹ́nu mọ́.

Ìkarùn-ún kan bàbá rẹ̀ gan-an, kí o kà á sí i létí. Ohun tó máa ń bi ọmọ náà ní òpin táàmù kò ju "Ipò kelòó?" Ọmọ gbé ipò kejì, bàbá ní ṣé orí méjì ni ẹni tó gbé ipò kìíní ní ni. Kí ó bi í lọ́jọ́ kan pé ta ló bá ṣeré. Kí ó bi í pé ta ló ràn lọ́wọ́, ta ló sì ràn án lọ́wọ́. Bí ọmọ kò bá rí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo dá, ìyẹn ni kí ó gbé sọ́kàn, kí ó fi káàdì sílẹ̀ ná. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ipò kejì nínú ìwé, kò sì ní ẹnìkejì ní ayé: irú èsì wo nìyẹn?

N kò mọ iye tí mo ti kà mọ́. Nígbà tí ìwọ àti Bintu ọmọ Yagana jà nítorí okùn fífò, tí ó ya ọ́ lẹ́kánná lójú, mo gbé ìjà náà wọ agbolé wọn. Èmi àti Yagana sọ ohun tí a kò gbọdọ̀ sọ sí ara wa, ní èdè mẹ́ta. Nígbà tí a jáde síta, ẹ̀yin méjèèjì ti wà lórí okùn kan náà, ẹ ń kọrin. Àwa àgbà kò kí ara wa títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Kí n má gbọ́ pé o gbé ọkọ̀ lọ bá ìyá ẹnikẹ́ni nítorí Nàfísá. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ ẹ́, bi í pé kí ló fẹ́ ṣe sí i, kí ẹ jọ gbà á rò. Bí òun ló bá ṣẹ̀ wọ́n, kọ́ ọ bí a ti ń sọ pé "má bínú" láìwo ilẹ̀. Ó nílò kí wọ́n bá a jà, Àṣàkẹ́. Ọmọ tí kò ní ọ̀rẹ́ kò tilẹ̀ ní ẹni tí yóò bá a jà.

Mo sì fẹ́ kí o bá Màláámà Falmata sọ̀rọ̀. Má mú aṣọ lọ fún un. Má mú ẹran lọ fún un láti ọjà màlúù ní Kasuwan Shanu, kì í ṣe ọlọ́pàá lo fẹ́ lọ bẹ̀. Sọ fún un pé o ti yí ọ̀rọ̀ rẹ padà, kí tábìlì rẹ̀ padà di tirẹ̀ nìkan, kí Nàfísá máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹun. Bi í pé ọmọ wo ló jọ pé ó fẹ́ràn Nàfísá nínú kíláàsì, kí ó jẹ́ kí wọ́n jọ máa jókòó, kí wọ́n jọ máa nu pátákó. Èmi ti mọ ẹni tí yóò dárúkọ: Yakaka. Ọmọ yẹn pe ọmọ rẹ sí oúnjẹ níṣojú mi, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń sọ fún un pé kí ó má ṣe é. Màláámà ní ojoojúmọ́ ló máa ń pè é. Ojoojúmọ́! Ó sì ń gba "mo ti yó" gbọ́ lójoojúmọ́, kò bínú. Mélòó nínú àwa àgbà ló lè ṣe bẹ́ẹ̀? Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò sú Yakaka. Ọmọdé ni, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí ó sú u. Ọjọ́ náà lẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, Múnírá. Ẹkún ọmọ kò bà mí lẹ́rù tó o.

Ẹ gbé e lọ sí Ìbàdàn, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ẹ̀kọ́ tí o kọ́ ọ yóò bá a wọ ọkọ̀. Yóò dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ, ọmọ márùn-ún yóò pè é síbi oúnjẹ, yóò wo ọ̀tún, yóò wo òsì, ojú rẹ yóò wà ní Maiduguri, yóò sì ní òun ti yó. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ebi náà yóò jìnnà sí ọ. Yóò sì mọ ohun kan sí i tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀: pé bí èèyàn kò bá mọ̀rọ̀ọ́ sọ, wọ́n máa ń lé e kúrò nílé. Kò sí àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n tó lè yọ ìyẹn kúrò nínú ọmọ. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Ìwọ ló yẹ kó rí níwájú rẹ̀, kì í ṣe àpótí ẹrù.

Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì ni mo ṣì ń lò. Ọ̀tún ń bọ̀, ó ń fọ abọ́ lọ́wọ́.

Ohun tó kù nìyí, kì í sì í ṣe ìmọ̀ràn. Ọmọ yìí kò ní gba ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan. Bí o bá sọ fún un pé kí ó lọ jẹun, yóò lọ, yóò sì ṣì máa wo ẹ̀yìn. Ojú ni o fi kọ́ ọ, ojú rẹ̀ náà ni kí ó fi rí i. O ní iṣẹ́ ọ̀sán ni wọ́n fún ọ lọ́jọ́ Ajé, òwúrọ̀ rẹ ṣófo. Lọ sí ilé-ìwé náà nígbà ìsinmi. Gbé oúnjẹ dání, kí ó pọ̀, kí o sì dá ọkọ rẹ padà sílé bó bá fẹ́ tẹ̀ lé ọ. Rìn lọ sábẹ́ dóńgóyárò. Yakaka yóò pe ọmọ rẹ. Má jẹ́ kí ó dáhùn. Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ jókòó sílẹ̀ sórí yanrìn láàrin wọn, pẹ̀lú aṣọ funfun ọsibítù rẹ, kí o da oúnjẹ rẹ sórí ìdérí wọn, kí o sì fi ọwọ́ ara rẹ bu nínú ìrẹsì ọmọ ọlọ́mọ, kí o jẹ ẹ́, kí o gbé e mì, kí Nàfísá máa wò ọ́ láti ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Má pè é. Sún díẹ̀, kí àyè kan ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, kí o sì máa jẹun lọ.

Bí ó bá wá jókòó, kí o bi ọkọ rẹ lálẹ́ ọjọ́ náà ohun tó fẹ́ fi ọkọ̀ Ìbàdàn gbé.

Èmi ni ìyá rẹ, tí inú ṣì ń bí,
Ìyá Múnírá.